Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dá rélùwéè ẹlẹ́rù dúró: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú wa lórí bíréèkì rélùwéè. Nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn, a ti kó wọn pọ̀ sí ojú kan.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ilé wa kò sì jìnnà sí ojú irin. Rélùwéè ẹlẹ́rù tí wágọ̀nù rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún máa ń kọjá níbí, ènìyàn méjì péré ni mo sì máa ń rí nínú ẹ́ńjìnnì iwájú. Báwo ni awakọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń dá gbogbo wágọ̀nù wọ̀nyẹn dúró? Kí ló sì fà á tí afẹ́fẹ́ fi máa ń tú jáde pẹ̀lú ariwo ńlá nígbà tí wọ́n bá já àwọn wágọ̀nù kúrò lára ẹ́ńjìnnì? (Òǹkàwé kan, Kansas City)

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun kan tí ó máa ń ṣòro gbà gbọ́ nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ: bí awakọ̀ rélùwéè ẹlẹ́rù bá fẹ́ kí bíréèkì mú, kì í fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn wágọ̀nù, ṣe ló máa ń dín èyí tó ti wà nínú páìpù wọn kù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú páìpù dáadáa, bíréèkì á tú, ọkọ̀ á sì lè rìn; nígbà tí afẹ́fẹ́ inú páìpù bá dín kù, bíréèkì á mú. Ẹni tí ó bá ti di èyí mú, ìyókù kò ní ṣòro fún un.

Nínú ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni páìpù irin kan ti gba abẹ́ gbogbo wágọ̀nù kọjá títí dé èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Níbi tí wágọ̀nù méjì bá ti pàdé, rọ́bà nípọnnípọn méjì ló so páìpù wọn pọ̀, orí irin tó wà lẹ́nu rọ́bà kọ̀ọ̀kan á sì kọ́ ara wọn bí ẹni méjì tó bọ ara wọn lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kó sínú páìpù yìí jẹ́ pọ́ùn 90 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Níbi tí a bá ti dárúkọ pọ́ùn láti ìhín lọ, pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan ni a ní lọ́kàn.

Wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní táńkì afẹ́fẹ́ tirẹ̀ lábẹ́, a sì pín táńkì náà sí yàrá méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, èkejì fún pàjáwìrì. Ó ní sílíńdà kan tí písítìn wà nínú rẹ̀, ó sì ní fáàfù kan tó jókòó sáàárín páìpù, táńkì àti sílíńdà, tó ń pinnu ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Fáàfù yìí ni ọkàn gbogbo ètò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa fi agbára afẹ́fẹ́ inú páìpù wé ti inú táńkì ní gbogbo ìgbà. Bí ti páìpù bá ga jù, fáàfù á ṣí ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ wọ inú táńkì, á sì tú èyí tó wà nínú sílíńdà dà síta, bíréèkì á tú. Bí ti páìpù bá rẹlẹ̀ sí ti táńkì, fáàfù á sún sí òdìkejì, á ti ọ̀nà àbájáde, á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táńkì rọ́ wọ inú sílíńdà. Nígbà tí táńkì bá ti fún sílíńdà lẹ́fẹ̀ẹ́ títí tí òun àti páìpù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fáàfù á dúró sí àárín, kò ní wọlé, kò ní jáde, bíréèkì á sì wà ní ìwọ̀n tí awakọ̀ fẹ́. Nítorí iṣẹ́ mẹ́ta yìí, ìyẹn kíkún táńkì, mímú bíréèkì àti títú u, ni wọ́n ṣe pe fáàfù àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní fáàfù oníṣẹ́ mẹ́ta.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ ojoojúmọ́ inú táńkì tóbi ju sílíńdà lọ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí pọ́ùn kan tí awakọ̀ bá yọ kúrò nínú páìpù fi máa ń di bíi pọ́ùn méjì ààbọ̀ nínú sílíńdà. Bí ó bá yọ pọ́ùn 10, sílíńdà á ní nǹkan bíi 25. Bí ó bá yọ pọ́ùn 26, táńkì àti sílíńdà á dọ́gba sí nǹkan bíi 64. Ibẹ̀ ni ó parí sí: bí awakọ̀ bá tilẹ̀ ń yọ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì kò ní le sí i mọ́, nítorí pé táńkì kò ní ohun tó ju ohun tí sílíńdà ti ní lọ. Ìgbà tí awakọ̀ bá tú páìpù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pàjáwìrì ni yàrá kejì nínú táńkì tó dá sí i, sílíńdà á sì gòkè dé nǹkan bíi pọ́ùn 77.

Sílíńdà tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní íǹṣì 10. Ojú písítìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi íǹṣì onígun mẹ́rin 78, nítorí náà, nígbà tí pọ́ùn 64 bá tì í, agbára tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Ọ̀pá písítìn á ti irin gbọọrọ kan, irin yìí á fa òmíràn, títí agbára náà yóò fi di ìlọ́po ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì pín dé orí ọ̀pá mẹ́rin tó dábùú lábẹ́ wágọ̀nù. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ru ṣúù bíréèkì méjì, ṣúù mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ irin mẹ́jọ. Ara ẹsẹ̀ irin náà gan-an, níbi tó ń fi tẹ ojú irin, ni ṣúù ń lẹ̀ mọ́. Nígbà kan rí, irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe ṣúù wọ̀nyí. Lónìí, àpòpọ̀ kan tó ń mú ju irin lọ ni wọ́n ń lò. Bí ṣúù bá ṣe ń jẹ, ọ̀nà tí písítìn máa rìn á máa gùn sí i, bíréèkì á sì máa dẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kan fi wà láàárín àwọn irin náà tó ń fa wọ́n mọ́ra fúnra rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé kí ọ̀pá písítìn irú sílíńdà yìí máa jáde láàárín íǹṣì 7 sí 9 nígbà tí wọ́n bá ń yẹ bíréèkì wò. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró, tó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ wágọ̀nù kan tẹ̀lé òmíràn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá yẹn ni ó ń wò: bí ó bá yọ síta, bíréèkì wágọ̀nù yẹn mú, bí kò bá yọ, wágọ̀nù náà ní àbùkù.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí bíréèkì náà le ju báyìí lọ. Wágọ̀nù tó kún fún ẹrù ní Amẹ́ríkà lè wọn pọ́ùn 286,000, nígbà tí òun kan náà, bí ó bá ṣófo, lè má tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Bíréèkì tó tọ́ sí èyí tó kún yóò di ẹsẹ̀ èyí tó ṣófo mú pátápátá. Ẹsẹ̀ irin tí kò yí mọ́ yóò máa wọ́ lórí irin, ibi kan lára rẹ̀ yóò sì jẹ di pẹrẹsẹ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wágọ̀nù tuntun fi ní ẹ̀rọ kan tó ń wo bí súpíríǹgì ṣe sọ̀ sílẹ̀ tó, tó sì ń dín afẹ́fẹ́ sílíńdà kù nígbà tí kò bá sí ẹrù.

Ọ̀rọ̀ ariwo tí ẹ béèrè kò le. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ já ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ti kọ́ọ̀kì páìpù tó wà lápá ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì fi ti apá wágọ̀nù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣí lọ, orí rọ́bà méjèèjì á já kúrò lára ara wọn fúnra wọn, afẹ́fẹ́ páìpù àwọn wágọ̀nù á tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, gbogbo wágọ̀nù á sì wọ bíréèkì pàjáwìrì. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ bá já sí méjì lójú ìrìn: apá iwájú àti apá ẹ̀yìn á dá dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. Fáàfù wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbọ́ pàjáwìrì á tún tú páìpù tirẹ̀ síta, kí èyí tó tẹ̀ lé e lè tètè gbọ́. Báyìí ni ìró náà fi ń sáré bíi ẹsẹ̀ bàtà 900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọkọ̀ tó gùn ju máìlì kan lọ yóò ti gbọ́ ọ láti orí dé ìdí kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n dé ibí yìí. Kí bíréèkì afẹ́fẹ́ tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ kan ló ń rìn lórí òrùlé àwọn wágọ̀nù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, nínú òjò àti nínú yìnyín, tí wọ́n ń fò láti orí ọ̀kan sí orí èkejì láti fi ọwọ́ yí bíréèkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jábọ́ tó sì kú, àwa sì gbà pé ó yẹ kí a máa rántí wọn nígbàkígbà tí a bá ń yin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. George Westinghouse gba ìwé àṣẹ fún bíréèkì afẹ́fẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1869, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ní ti ìgbà yẹn, láti inú ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ ti ń lọ tààrà sínú àwọn sílíńdà. Bí rọ́bà kan bá já, kò sí bíréèkì mọ́. Ní 1872 ni ó yí i padà, tó fi táńkì àti fáàfù oníṣẹ́ mẹ́ta sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí rọ́bà jíjá fi di ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán bíréèkì wò lórí ọkọ̀ ẹlẹ́rù oníwágọ̀nù 50 nítòsí Burlington, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní 1886 àti 1887, bíréèkì iwájú ti mú kí ti ẹ̀yìn tó gbọ́, àwọn wágọ̀nù ẹ̀yìn sì ń rọ́ lu ti iwájú. Láti inú ìdánwò yẹn ni fáàfù tó ń yára gbé ìró kiri, èyí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ti jáde. Ní 1893 ni òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ojú irin ní bíréèkì tí awakọ̀ lè darí láti inú ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí bíréèkì yìí kù sí, tí awakọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé, ni pé kò ṣeé tú díẹ̀. Awakọ̀ lè fi kún un díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá afẹ́fẹ́ padà sínú páìpù, àwọn fáàfù á tú gbogbo ohun tó wà nínú sílíńdà dànù. Bí ó bá tún fẹ́ tẹ bíréèkì kíákíá, táńkì tí kò tíì kún padà ni yóò bá, kíkún un lórí ọkọ̀ gígùn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Awakọ̀ tó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó ń tú u lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ yóò jẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, ọkọ̀ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi mọ́tò ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣe bíréèkì níbi ìsọ̀kalẹ̀, nípa sísọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ń fa iná jáde láti ara ẹsẹ̀ tó ń yí, tí iná náà sì ń di ooru lórí òrùlé ẹ́ńjìnnì. Wágọ̀nù pẹ̀lú ní fáàfù kékeré kan tí òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ yí ṣáájú ìsọ̀kalẹ̀, kí nǹkan bíi pọ́ùn 20 lè ṣẹ́kù sínú sílíńdà nígbà tí táńkì bá ń kún.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀yin olóòtú, mẹkáníìkì ọkọ̀ tírélà ni mí ní Ìbàdàn. Bí afẹ́fẹ́ tírélà bá tán, súpíríǹgì á di ẹsẹ̀ mú, kò sì ní lè rìn. Mo gbọ́ pé rélùwéè kan ṣí kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí ní Kánádà, tó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jò tán. Bí yíyọ afẹ́fẹ́ bá ń mú bíréèkì, báwo ni ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀? (Mẹkáníìkì kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN

Ọ̀gá, ìbéèrè yín gún régé, nítorí pé ẹ ti fọwọ́ kan ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Súpíríǹgì kan wà nínú sílíńdà wágọ̀nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tírélà kọ́ ló ń ṣe: dídá písítìn padà sílé ni iṣẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táńkì wágọ̀nù ló ń tẹ bíréèkì. Yíyọ afẹ́fẹ́ páìpù wulẹ̀ ń pàṣẹ ni. Bí afẹ́fẹ́ inú táńkì àti sílíńdà bá wá jò tán fúnra wọn, yálà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí lẹ́yìn ọjọ́, kò sí ohun tó ń di ẹsẹ̀ mú mọ́.

Ohun kejì ni pé fáàfù kì í dáhùn sí gbogbo jíjò. Kò sí páìpù gígùn tí kì í jò díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fàyè gba kí ó jò tó pọ́ùn 5 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìyẹ̀wò. Bí fáàfù bá ń gbọ́ gbogbo ìyẹn, ọkọ̀ kò ní lè rìn. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ páìpù bá ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí bíréèkì tú sílẹ̀, ti táńkì lè máa gba ihò kékeré tó fi ń kún padà sínú páìpù, kí méjèèjì jọ máa lọ sílẹ̀ pọ̀, kí fáàfù má sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn.

Ọkọ̀ tí ẹ ń sọ ni èyí tó ba ìlú Lac-Mégantic jẹ́, ní ìpínlẹ̀ Quebec, ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2013. Wágọ̀nù onítáńkì 72 tí epo rọ̀bì kún inú wọn ni ó ń fà. Wọ́n gbé e sí Nantes, lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà ìlú náà. Bíréèkì ọwọ́ méje ni awakọ̀ yí, bíréèkì afẹ́fẹ́ ti àwọn ẹ́ńjìnnì ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò tẹ bíréèkì afẹ́fẹ́ ti àwọn wágọ̀nù. Nígbà tó dán an wò bóyá ọkọ̀ yóò dúró, bíréèkì afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣì ń mú, nítorí náà ìdánwò náà kò lè fi hàn án pé bíréèkì ọwọ́ nìkan kò tó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná sọ lára ẹ́ńjìnnì iwájú, àwọn panápaná dé, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sì dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bíi aago kan òru, ọkọ̀ ṣí, ó sì ń yára sí i títí ó fi wọ àárín ìlú, níbi tí wágọ̀nù 63 ti yẹ̀ kúrò lórí irin, tí epo wọn gbiná. Ènìyàn 47 ló kú. Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Kánádà sọ pé ó kéré tán, bíréèkì ọwọ́ 17 ló yẹ kí wọ́n yí.

Bíréèkì ọwọ́ kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú. Ó jẹ́ àgbá irin kan ní ìpẹ̀kun wágọ̀nù, tó fi jíà àti ṣéènì so mọ́ àwọn irin kan náà tí sílíńdà ń fà. Bí ẹ bá yí i, ṣéènì á le gan-an, ṣúù á sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Kò ní tú bí kò ṣe pé ènìyàn bá tú u. Bí ọkọ̀ bá máa dúró láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, òun nìkan ni a lè fọkàn tán, ó sì yẹ kí a dán an wò lẹ́yìn tí a bá ti tú bíréèkì afẹ́fẹ́ gbogbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọṣẹ́ yín tó bá ń bá rélùwéè ṣe.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè láyé àtijọ́, ó sì máa ń sọ pé bíréèkì ọkọ̀ àwọn kì í lo afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀, ṣe ni wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Irú bíréèkì yẹn gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lórí ọ̀pọ̀ ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ káàkiri ayé. Ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù àti sílíńdà títí inú wọn yóò fi ṣófo dé ìwọ̀n tó yẹ, bíréèkì á sì tú. Nígbà tí awakọ̀ bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọ páìpù, tàbí tí rọ́bà bá já, afẹ́fẹ́ náà á wọ abẹ́ písítìn, á tì í sókè, bíréèkì á mú. Ọgbọ́n kan náà ni: ohun tó bà jẹ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró.

Ohun tó ká a lọ́wọ́ kò ni pé afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká ló ń ṣiṣẹ́ náà, kò sì ju pọ́ùn 14.7 lọ. Níwọ̀n bí wọn kì í ti fa gbogbo rẹ̀ jáde, nǹkan bíi pọ́ùn 10 ni ó máa ń kù fún iṣẹ́. Láti rí agbára tí písítìn oníwọ̀n íǹṣì 10 ń rí lára pọ́ùn 64, písítìn irú ti bàbá yín gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi íǹṣì 25, ojú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn láti fi sí abẹ́ gbogbo wágọ̀nù tó ń ru irú ẹrù tí wọ́n ń rù ní Amẹ́ríkà.